Ibi Tí Ẹ̀rù Ń Gbé Nínú Ara

    Ọ̀rọ̀ ìlera la fẹ́ sọ lónìí fún ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Sókótó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ibà, kì í sì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni bí ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti ìbínú ṣe máa ń di àìsàn sí èèyàn lára. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹnì kan á ní àyà ń já òun, inú ń run òun, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun mọ́, òun kò róorun sùn. Wọ́n á gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọn ò ní rí nǹkan kan. Bó bá padà délé, àwọn ará ilé á ní kò sóhun tó ń ṣe é, pé ó kàn ń díbọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ "ó ń díbọ́n" yẹn ni mo wá bá jà lónìí.

Màá gba ilẹ̀ Ṣáínà kọjá ná, kí n tó padà wá sí Sókótó. Nínú àwọn ìlànà ìṣègùn àtijọ́ tí mo mọ̀, kò sí èyí tó fara balẹ̀ to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ tó ti àwọn ará Ṣáínà. Ìwé kan wà tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìṣègùn wọn, Huangdi Neijing lorúkọ rẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún tí wọ́n ti kó o jọ. Ìbéèrè àti ìdáhùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ọba ayé àtijọ́ kan, Huangdi, ń béèrè, oníṣègùn rẹ̀ tó ń jẹ́ Qi Bo ń dá a lóhùn.

Ẹni tó bá ti gbé Sókótó pẹ́ mọ bí ààfin ṣe tò: Sarkin Musulmi, ìyẹn ọba Sókótó, wà lórí ìtẹ́, Waziri, olórí àwọn ìjòyè rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìjòyè kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ààfin gan-an ni Qi Bo ṣe to inú ara fún ọba rẹ̀. Ọkàn tó ń lù kì-kì láyà wa yìí lọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òye ti ń jáde. Ẹ̀dọ̀fóró ni Waziri tó ń bá ọba tún ìlú ṣe. Ẹ̀dọ̀ ni balógun, òun ló ń gbèrò ogun. Òróòro ni adájọ́ tó ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Ikùn àti spleen, ìyẹn ẹ̀yà kékeré kan tó wà lẹ́bàá ikùn lápá òsì, ló ń ṣọ́ àká oúnjẹ. Kíndìnrín ló ni agbára. Bí ọba bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ara á tòrò. Bí ọba bá ṣìnà, ọ̀nà gbogbo á dí, àwọn ìjòyè ò sì ní rí ara wọn bá ṣiṣẹ́ mọ́.

Wọ́n wá fi ẹ̀mí sínú ààfin náà. Lójú tiwọn, ẹ̀mí tó wà nínú èèyàn kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Shen, ìyẹn òye àti iyè tó ń jẹ́ kí ojú èèyàn mọ́ kedere, inú ọkàn ló ń gbé. Inú ẹ̀dọ̀ ni hun wà; òun ló ń lá àlá, òun ló ń pète, òun náà ló sì ń gòkè lọ nígbà tí èèyàn bá kú. Po wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó so mọ́ ẹran ara, òun ló ń jẹ́ kí ara mọ ìrora, ilẹ̀ ló sì ń bá òkú wọ̀. Ọ̀dọ̀ spleen ni yi wà, tí í ṣe ìrònú àti ìrántí. Zhi ni ìpinnu tí kì í jẹ́ kí èèyàn padà lẹ́yìn ohun tó bá dáwọ́ lé, kíndìnrín ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn baba wa sọ nípa orí, ẹ̀mí àti òjìji kò ní rí ọ̀rọ̀ yìí bí àjèjì. Àwa náà kò gbà rí pé nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ́ èèyàn.

Bí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ṣe nílé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ń ṣe wá nínú. Ayọ̀ wà lọ́dọ̀ ọkàn, ìbínú lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀, àròjù lọ́dọ̀ spleen, ìbànújẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ìbẹ̀rù lọ́dọ̀ kíndìnrín. Kò sí èyí tó burú fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tó bá pọ̀ jù, tàbí tó bá pẹ́ jù lára, ló ń di àrùn, torí pé yóò da qi rú. Qi ni orúkọ tí wọ́n ń pe agbára tó ń rìn káàkiri ara, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti èémí kiri. Ẹ wo ẹni tí inú ń bí: ojú rẹ̀ á pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ, orí á máa fọ́ ọ. Wọ́n ní qi rẹ̀ ló ru sókè. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀rù bà gidi: orúnkún rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìtọ̀ lè jáde lára rẹ̀ láìmọ̀. Wọ́n ní qi ló ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ á máa mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì fà lọ sílẹ̀, torí ìbànújẹ́ ń jẹ agbára ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń ro àròjù kò ní lè jẹun, ikùn rẹ̀ á le, torí ọ̀rọ̀ ti di kókó sí i nínú.

Mo fẹ́ kí ohun kan yé wa dáadáa níbí, nítorí ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Bí oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà bá sọ fún yín pé ẹ̀dọ̀ yín kò rọgbọ, kò sọ pé ẹ ní àrùn mẹ́dọ̀wú. Ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ ju ẹran pupa tí alápatà ń gé lọ. Ìbínú wà nínú rẹ̀, àlá wà nínú rẹ̀, ojú wà nínú rẹ̀, iṣan ara wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún kò gbọdọ̀ sáré lọ ra oògùn ẹ̀dọ̀ ní kẹ́mísì. Ẹni tí àrùn mẹ́dọ̀wú sì wà lára rẹ̀ ní tòótọ́, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ, kó má lọ jókòó ti ọ̀rọ̀ qi.

Àwọn aládùúgbò wa Háúsá náà kò ya inú kúrò lára ọ̀rọ̀ ọkàn. Baƙin ciki ni wọ́n ń pe ìbànújẹ́, farin ciki ni wọ́n ń pe ayọ̀. Ikùn ni wọ́n fi méjèèjì sí. Àwa náà ńkọ́? Inú ló ń bí wa, inú ló ń dùn sí wa, àyà ló ń já wa. Bí ẹnì kan bá sì ń kanra, a ó ní kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ẹ̀yà méjèèjì yẹn gan-an ni àwọn ará Ṣáínà fi ìbínú àti ìgboyà sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn kan fún yín, kì í ṣe àlọ́, inú ìwé ìṣègùn ló wà. Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn kan wà ní àríwá ilẹ̀ Ṣáínà tó ń jẹ́ Zhang Congzheng. Ó kọ ìtàn àwọn tó wò sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin kan tó rin ìrìn àjò, tó sùn sí yàrá òkè nílé àlejò. Lóru ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́ṣà ya wọ àdúgbò, wọ́n ń jalè, wọ́n ń sun ilé. Ẹ̀rù ba obìnrin yìí débi pé ó ré bọ́ láti orí ibùsùn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí nǹkan bá ti dún, yóò dákú. Nínú ilé rẹ̀, ńṣe ni gbogbo wọn ń yọ́ rìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ́ kí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lé ní ọdún kan. Àwọn oníṣègùn tó kọ́kọ́ wò ó ní àrùn ọkàn ni, wọ́n kó egbòogi olówó ńlá fún un, kò gbọ́.

Zhang kò fún un ní egbòogi kankan. Ó ní kí ìránṣẹ́bìnrin méjì di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí àga, ó gbé tábìlì kékeré kan síwájú rẹ̀, ó ní kó máa wo ibẹ̀. Ó fi igi lu tábìlì náà gbàà! Obìnrin náà ta gìrì. Zhang bi í pé, ṣebí igi ni mo fi lu tábìlì, kí ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù níbẹ̀? Ó dúró títí ara obìnrin náà fi wálẹ̀, ó tún lù ú. Gìrì náà dín kù. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra. Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀kùn. Ó rán ẹnì kan kó lọ máa họ fèrèsé lẹ́yìn obìnrin náà láìsọ fún un. Nígbà tó yá, obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní irú ìtọ́jú wo lèyí. Lóru ọjọ́ náà, wọ́n ń lu ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí ààrá sán, tí kò sì mì ín.

Àlàyé tí Zhang ṣe ni pé òróòro ni ilé ìgboyà, ìjayà ló bà á jẹ́, àti pé ohun tó bá ti di ojoojúmọ́ létí èèyàn kì í bà á lẹ́rù mọ́. Ní tèmi, òróòro tó fi kún un kọ́ ló jọ mí lójú. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ó gba obìnrin náà gbọ́. Kò sọ pé ó ń díbọ́n. Ó tún wo ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ kan ni. Lónìí, àwọn dókítà ọpọlọ ń lo ọ̀nà tó jọ èyí gan-an: wọ́n á mú aláìsàn sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, níbi tí ewu kò sí, títí ara rẹ̀ á fi gbà pé ewu náà ti kọjá. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà nìkan ló lè ṣe é o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò nílé.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa béèrè ìdí tí mo fi pẹ́ lórí obìnrin ará Ṣáínà yìí. Ìdí ni pé irú rẹ̀ wà láàárín wa ní Sókótó. Àwọn agbébọn ti lé ọ̀pọ̀ ará abúlé kúrò ní Sabon Birni, ní Isa, ní Goronyo, ní Rabah, ọ̀pọ̀ wọn ló sì sá wá sínú ìlú yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọjà Goronyo, wọ́n sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ọ̀kadà ni wọ́n máa ń gùn wá. Ẹ ro ohun tí ìró ọ̀kadà lóru máa ṣe sí ìyá tó sá fún wọn, tó pọn ọmọ kan, tó fa èkejì lọ́wọ́. Bó bá dé kílíníkì, kò ní sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Yóò ní ọkàn òun ń lù, ẹ̀yìn ń ro òun, inú òun ń gbóná. Bí nọ́ọ̀sì kò bá bi í léèrè ibi tó ti wá, oògùn ibà ni yóò gbà lọ sílé, ẹ̀rù náà á sì bá a sùn.

Kì í ṣe pé Sókótó kò mọ ìṣègùn. Ní ọdún 1809 ni Muhammad Bello, ọmọ Sheikh Usman dan Fodio, tẹ ìlú yìí dó, òun ló sì jẹ́ Sarkin Musulmi láti 1817 títí ó fi kú ní 1837. Pẹ̀lú gbogbo ogun tó jà àti gbogbo ẹjọ́ tó dá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìṣègùn. Ó kọ̀wé lórí ewé senna, tó jẹ́ ìbátan àsùnwọ̀n tiwa, tí wọ́n ń lò láti mú inú rọ̀. Ó kọ̀wé lórí jẹ̀díjẹ̀dí, lórí aràn, lórí àrùn ojú. Àbúrò bàbá rẹ̀, Abdullahi dan Fodio tó jọba ní Gwandu, kọ ìwé kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Masalih al-Insan, tó da ohun tó ṣe ẹ̀sìn láǹfààní àti ohun tó ṣe ara láǹfààní pọ̀ sójú kan. Ní ọdún 1839, Nana Asma'u tí í ṣe àbúrò Bello kọ Tabshir al-Ikhwan, lórí bí a ṣe ń fi Kùránì wá ìwòsàn. Ìdílé kan ṣoṣo nìyẹn. Mi ò rí ìdílé ọba púpọ̀ tó ṣe irú rẹ̀, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn tó ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé ni wọ́n ti jogún ìmọ̀ náà, pàápàá Ibn Sina tó kú ní 1037, òun náà sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Gíríìsì. Nínú ìlànà yẹn, omi mẹ́rin ló wà nínú ara: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro aláwọ̀ ìyeyè àti òróòro dúdú. Bí òróòro dúdú bá pọ̀ jù, ìbànújẹ́ tí kò nídìí á dé, èèyàn á máa sá fún èèyàn. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa Ibn Sina. Wọ́n gbé ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń rù fún un, tó ti sú gbogbo oníṣègùn. Ibn Sina di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kí ẹnì kan máa dárúkọ àwọn àdúgbò ìlú, lẹ́yìn náà òpópónà, lẹ́yìn náà ilé, lẹ́yìn náà àwọn tó ń gbé ilé náà. Bí orúkọ ọmọbìnrin kan ṣe jáde, iṣan ọwọ́ ọmọkùnrin náà lù kíkankíkan. Ìfẹ́ ni àìsàn rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà náà, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń dì mú: ibi mẹ́ta ní ọwọ́ ọ̀tún, ibi mẹ́ta ní ọwọ́ òsì, ibì kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀yà inú tirẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì tilẹ̀ pàdé rí. Ní ọdún 1313, ní ìlú Tabriz nílẹ̀ Páṣíà, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Rashid al-Din mú kí wọ́n tú ìwé ìṣègùn Ṣáínà sí èdè Páṣíà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ohun tó so Sókótó pọ̀ mọ́ Ṣáínà lójú kòrókòró, ẹ wo wanzami, ìyẹn onígbàjámọ̀ Háúsá, níbi tó jókòó sí lọ́jà. Yóò fá ẹ̀yìn ẹni tó wá bá a, yóò sín gbẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i, yóò gbé ìwo lé e, yóò fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde láti ṣóńṣó, yóò sì dí ihò náà. Ìwo á lẹ̀ mọ́ ara, ẹ̀jẹ̀ dúdú á máa wọ inú rẹ̀. Ní Ṣáínà, ife gíláàsì tàbí ọparun ni wọ́n ń lò, iná ni wọ́n sì fi ń lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé ara àwọn fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n abẹ tuntun ni kó lò fún yín. Abẹ tí wọ́n lò fún ẹlòmíràn lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú àti kòkòrò HIV wọ ẹ̀jẹ̀ yín.

Ti àwọn ẹ̀mí àìrí ńkọ́? Nílẹ̀ Háúsá, àwọn tó ń ṣe bori, ìyẹn ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ń bá ẹ̀mí àìrí lò, gbà pé ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ló ní àrùn tirẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí kan tó ń jẹ́ Inna ló ń mú kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rọ. Sheikh Usman dan Fodio wàásù tako bori gan-an, síbẹ̀ kò parẹ́ tán. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti ti Ṣáínà. Ẹ̀mí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe àlejò tó wọlé wá pọ́n èèyàn lójú; onílé ni, àárẹ̀ ló mú un. Níbí, ohun tí mo ń gbọ́ jù ni pé "aljannu ló wà lára rẹ̀." Mi ò bẹ̀rẹ̀ ìjà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ààfáà kéwú, kí wọ́n fọ wàláà mu hàǹtú, kí pásítọ̀ gbàdúrà. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n de aláìsàn mọ́lẹ̀, kí wọ́n nà án, kí wọ́n febi pa á, nígbà tí ìtọ́jú wà nítòsí.

Nílé wa lọ́hùn-ún, ẹnì kan ti fi hàn wá tipẹ́ pé èèyàn lè fi ọgbọ́n dókítà àti ọgbọ́n ìlú ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 1954, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, Abẹ́òkúta: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan wọn kan wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gba oògùn lọ́wọ́ dókítà, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń kópa. Gbogbo ayé ló wá wò ó. Ní 1987, Dókítà Makanjuola tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí: kí nǹkan máa rìn nínú orí, kí etí máa hó, kí àyà máa já. Ohun tó rí ni pé ìsoríkọ́ àti àníyàn ló wà nídìí rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arthur Kleinman, ti rí ohun tó jọ ọ́ ní ìlú Changsha nílẹ̀ Ṣáínà. Ó yẹ 100 aláìsàn wò tí wọ́n sọ fún pé iṣan ara wọn ló rẹ̀. Orí fífọ́, òòyì àti àìróorunsùn ni wọ́n ń sọ. 87 nínú wọn ló ní ìsoríkọ́ tó le. Ará Changsha kò mọ ará Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ara àwọn méjèèjì ló ń bá wọn sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èrò mi lórí ìṣègùn Ṣáínà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé gbogbo rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí. Kò sí ẹ̀rọ tó tíì rí hun nínú ẹ̀dọ̀, kò sì sí àyẹ̀wò tó fi hàn pé spleen ló ń ronú. Bí ẹ̀rù bá bà wá, kókó ara méjì tó jókòó sórí kíndìnrín ló ń da oje adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, tí ọkàn fi ń sáré. Ó wuni létí pé ọ̀dọ̀ kíndìnrín náà ni wọ́n fi ìbẹ̀rù sí, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé Qi Bo mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì mọ̀ dájú, ni ohun tí ojú wọn rí lára aláìsàn: pé ọ̀fọ̀ tó pẹ́ ń gba agbára, pé àròjù ń lé oúnjẹ sẹ́yìn, pé òru ọjọ́ kan lè ba ọdún kan jẹ́. Inú ìwé wọn náà ni oògùn gidi ti jáde. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ka ìwé Ge Hong, oníṣègùn tó gbé ayé ní nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ló ti rí ọ̀nà tó gbà yọ artemisinin lára ewéko. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Oògùn ibà tí Nàìjíríà yàn ní 2005, tí ẹ ń rà ní gbogbo kẹ́mísì Sókótó, ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú egbòogi Ṣáínà kan náà ni ewéko aristolochia wà. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́, àwọn tó kàn fẹ́ fọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé páálí oògùn tí wọ́n kọ èdè Ṣáínà sí lára wá bá yín, tó ní ó ń wo ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ìrònú pa pọ̀, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, ẹ fi han dókítà, kí ẹ tó fi kan ẹnu.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹnì kan nínú ilé yín kò bá sùn dáadáa mọ́, tí kò jẹun, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tàbí tí ìró díẹ̀ ń mú un ta gìrì, tí ó sì ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ṣe sọ pé ó ń díbọ́n. Ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Usmanu Danfodiyo níbí, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kware, kò jìnnà sí ìlú. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ; ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó bọ́ sí i, ó sì lòdì sí fífi ìyà jẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín. Kí ẹ sì bá a lọ. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ.